Lọ́wọ́ Ta Lo Ti Rà Á? Bí Ìpinnu Ọjà Rírà Ṣe Ń Wáyé ní Kumasi

Ìbéèrè tí ẹ bi mí, aládùúgbò mi, kò le létí: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun nílò nǹkan, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n títí owó fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Kumasi ni mo fẹ́ mú yín lọ fún ìdáhùn. Ìlú Asantehene ni, ìlú ọjà ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ baba àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ti tajà tí wọ́n fi tọ́ ọmọ. Ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó ń rajà hàn níbẹ̀ kedere ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ ìsìnkú ni ní ilẹ̀ Àṣántì. Pupa àti dúdú ló máa ń kún ojú títì: kobene tó pọ́n, birisi tó dúdú, kuntunkuni tí wọ́n fi omi èèpo igi rẹ, àti adinkra tí àwọn ará Ntonso ń tẹ àmì sí lára. Àwọn tó sún mọ́ olóògbé ló sábà máa ń wọ pupa. Bí ó bá jẹ́ arúgbó ló lọ, tàbí tí ó bá di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́, funfun àti dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí sára ògiri, ṣùgbọ́n ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá fi ojú inú wo ìyá kan ní Bantama, àdúgbò kan ní Kumasi. Láàárọ̀, kò sí aṣọ tó wù ú rà. Lọ́sàn-án, wọ́n pè é: ẹbí ọkọ rẹ̀ kan ti kú, wọ́n ti ṣe ìpàdé ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti dá ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n sì ti mú aṣọ. Kò sí nǹkan tó kúrò nínú àpótí rẹ̀ láàrin àárọ̀ àti ọ̀sán. Síbẹ̀, ó ti di ẹni tí kò láṣọ. Ohun tó yí padà ni ohun tó yẹ kí ó ní. Àlàfo tó wà láàrin ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tó yẹ kó wà, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àìní, ibẹ̀ ni gbogbo ọjà rírà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àlàfo yìí lè ṣí láti ìsàlẹ̀: gàárì tán, fìríìjì kú, bàtà ọmọ já. Ó sì lè ṣí láti òkè: ọmọ wọlé sí yunifásítì, ọjọ́ ìsìnkú pé, aládùúgbò kọ́lé. Ti ìsàlẹ̀ kì í nílò ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀. Ti òkè ni àwọn tó ń polówó ọjà máa ń lé kiri, nítorí pé wọn kò lè ba bàtà yín jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí ẹ wò ó kí ó tì yín lójú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, James Engel, David Kollat àti Roger Blackwell, ló to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé kan ní ọdún 1968. Wọ́n ní olùrà á kọ́kọ́ mọ àìní rẹ̀, á wádìí, á fi èyí wé tọ̀hún, á rà, lẹ́yìn náà á wò ó bóyá ohun tó rà tẹ́ òun lọ́rùn. Ìpìlẹ̀ èrò náà ti wà lọ́wọ́ John Dewey láti ọdún 1910, ẹni tó ní ìrònú kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí nǹkan bá dí ènìyàn lọ́nà. Mo gba ìgbésẹ̀ márààrún gbọ́. Ohun tí n kò gbà ni pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Kumasi, ẹbí ló máa ń ṣe ìgbésẹ̀ kìíní fún ìyá yẹn, aládùúgbò ló máa ń bá a ṣe ìkejì, ìgbẹ̀yìn sì wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá rí i níbi ìsìnkú.

Ibi ìsìnkú yìí kan náà ni wọ́n ti ń gba nsawa, owó ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó mú un wá sílẹ̀, wọ́n ń fún un ní rìsíìtì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde iye rẹ̀. Àwọn àlejò kan máa ń rí i, wọ́n á ní àwọn ará ibẹ̀ ń fi owó ṣòfò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ernst Engel, ará Jámánì, fi hàn ní ọdún 1857 pé bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ṣe ń gba ìpín tó pọ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí ìdílé ní Kumasi tó dín ẹran ọbẹ̀ kù kí wọ́n lè ra aṣọ ìsìnkú, nítorí pé ẹni tí kò bá lọ sí ti ẹlòmíràn yóò nìkan sin òkú tirẹ̀. Ààbò ni wọ́n ń rà, aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

Ó kan ìwádìí. Ọjà tí ìyá yìí kọ́kọ́ máa ná ni inú àpótí rẹ̀. Ó lè rí birisi ọdún mélòó kan sẹ́yìn tó ṣì dára. Bí kò bá rí i, ó lè yá ti àbúrò rẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀nyí bá kùnà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, kò sì ní béèrè pé, “Níbo ni wọ́n ti ń ta aṣọ?” Ó máa dárúkọ aṣọ. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ fi ń mọ aṣọ tó ń tẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọlọ́jà ló ń sọ aṣọ lórúkọ: Akyekyedeɛ akyi, ẹ̀yìn ìjàpá, Ahwene pa nkasa, ìlẹ̀kẹ̀ gidi kì í pariwo, Sika wɔ ntaban, owó ní ìyẹ́. Aṣọ tó bá ti ní orúkọ, ènìyàn lè rán ọmọ lọ rà á, ó lè fi fóònù béèrè rẹ̀, ó sì lè fi sọ ohun tí kò fẹ́ fi ẹnu sọ fún ìyàwó kejì. Kò sí ìpolówó ọjà tí ilé iṣẹ́ sanwó fún tó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Tí ó bá dé ìsọ̀, á fọwọ́ pa aṣọ náà, á yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àǹkárá tí wọ́n fi ìda ṣe máa ń mú àwọ̀ níwájú àti lẹ́yìn bákan náà. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ máa ń rẹ̀ lẹ́yìn. Á ka etí aṣọ, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà: Vlisco ti Helmond ní Netherlands, tó ti wà láti ọdún 1846, GTP ti Tema, tàbí ATL ti Akosombo. Lẹ́yìn náà á dúnàádúrà. “Te so kakra,” ẹ dín in díẹ̀.

Ẹ má rò pé ó máa yí gbogbo ọjà po. Herbert Simon, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978, ló kọ́ wa pé ènìyàn kì í wá èyí tó dára jù lọ láyé. Ó ti ní òdiwọ̀n kan lọ́kàn. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé òdiwọ̀n náà, ó mú un. Nínú ọjà tí ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí oòrùn ń pani, tí télọ̀ sì ń dúró, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àárẹ̀ àti àkókò pẹ̀lú jẹ́ owó.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi tó kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀. Gbogbo àmì tí olùrà fi ń mọ ojúlówó ni ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ máa ń kọ́. Etí aṣọ ń sọ orúkọ ilé iṣẹ́, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń tẹ orúkọ kan náà sí etí tiwọn. Ìjọba Gánà ti gbé ẹgbẹ́ amúṣẹ́ṣe dìde rí tó ń gba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti epo pupa: pípọ́n rẹ̀ ni a fi ń mọ èyí tó dára. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Gánà kéde pé àwọn rí Sudan IV nínú epo pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà. Aró tí kò yẹ kó wọ ẹnu ènìyàn ni, àwọn tó dà á sí epo sì mọ ìdí: àwọ̀ tí ojú ìyá ọlọ́bẹ̀ ń wá ni wọ́n fi kùn ún. Ìyá tó mọ epo yàn gan-an ni wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an.

Tòmátò náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá láti Akumadan, àti èyí tó ń ti Burkina Faso wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àpótí onígi ńlá ló ń dé. Òkè rẹ̀ á máa dán; kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ àfi ẹni tó kó o. Iṣu tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé títí a ó fi bẹ́ ẹ, èèpo rẹ̀ nìkan la mọ̀. Ní ọdún 1970, George Akerlof, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan nípa ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ó ní bí ẹni tó ń tà bá mọ àléébù ọjà tí ẹni tó ń rà kò sì mọ̀ ọ́n, olùrà á bẹ̀rù, kò ní san owó ojúlówó fún ohunkóhun. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kò wá ní mú un wá sọ́jà mọ́, kò ní í pẹ́ tí ìdọ̀tí nìkan á fi kù nílẹ̀. Èyí wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001.

Ní Suame Magazine, àárín gbùngbùn àwọn mẹkáníìkì Kumasi, ẹ lè rí ìbẹ̀rù yìí lójoojúmọ́. Ẹni tó ń wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kì í dá wá. Ó máa ń mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, nítorí pé etí ẹni náà ló fẹ́ fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà.

Kí ló wá ń mú kí ọjà máa lọ? Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe olùtajà wá fọwọ́ sí ọjà náà. Gánà fòfin de fìríìjì tòkunbọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013. Fìríìjì tuntun gbọ́dọ̀ ní ìwé pélébé tó ní ìràwọ̀ lára: bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń jẹ ṣe kéré tó. Ṣáájú ìgbà náà, fìríìjì àtijọ́ láti òkè òkun ń dé ní owó pọ́ọ́kú, olùrà á dúpẹ́, kò sì mọ̀ pé òun á fi owó iná ra fìríìjì ọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ìràwọ̀ náà fi ohun tó fara pamọ́ hàn án.  Fún oògùn, iléeṣẹ́ mPedigree ti Bright Simons, tó bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní ọdún 2007, mú kí olùrà lè ha ojú páálí oògùn, kí ó fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Àwa náà mọ èyí nílé: NAFDAC gba irú ètò bẹ́ẹ̀ wọlé ní ọdún 2010.

Ọ̀nà kejì ló dàgbà jù, òun sì ni ọkàn mi fà sí jù. Bí ẹ kò bá lè mọ inú ọjà, ẹ mọ ẹni tó ń tà á. Ìyá tó ń ra tòmátò ní Kumasi kì í wá tòmátò. Kọ́sítọ́mà rẹ̀ ló ń wá. Gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Olùtajà á sọ fún un pé, “Má ra èyí lónìí, ó ti rọ̀.” Á wọn kóńgò, tí wọ́n ń pè ní olonka, kí ó kún dáadáa, á sì fi ènì lé e, tí wọ́n ń pè ní ntosoɔ. Á tajà láwìn fún un lọ́sẹ̀ tí owó oúnjẹ kò bá tó. Olùrà náà ní ojúṣe tirẹ̀: kò gbọdọ̀ máa yọ́ lọ sí ìsọ̀ kejì nítorí owó kékeré, ó sì gbọ́dọ̀ wá ní ọjọ́ tí ọjà kò yá. Gracia Clark, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti ń jókòó ti àwọn obìnrin Ọjà Àárín Gbùngbùn Kumasi láti ìparí àwọn ọdún 1970, ṣàlàyé àjọṣe yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1994. Clifford Geertz náà rí irú rẹ̀ ní ọjà Sefrou ní Mòrókò. Ó ní níbi tí ìmọ̀ nípa ọjà bá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn ènìyàn á so mọ́ ara wọn kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyí tí ìyá kan fi lè kọjá níwájú tòmátò tó dín ní sídì márùn-ún, tí kò ní yà. Àlejò á ní kò mọ owó ṣírò. Ó mọ̀ ọ́n: sídì márùn-ún náà ni owó tó ń san kí ó má baà rí tòmátò tó ti jẹrà nísàlẹ̀ àpótí.

Àjọṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa kọ́ sí Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Kofi Busia tó kéde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọjà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ní ìsọ̀ wọn di ẹrù. Ọjà wà tí wọ́n tà lówó pọ́ọ́kú, gbèsè sì wà tí wọn kò rí gbà. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, ìsọ̀ àti ẹrù la máa ń kà. A kì í ka ohun tí olùrà Àṣántì pàdánù: ẹni tó mọ̀ pé kò ní tan òun jẹ ti wọ ọkọ̀ lọ, ó di dandan kí ó wá ẹlòmíràn dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Àṣántì ló gba ọ̀pọ̀ ìsọ̀ náà. Àwọn Yorùbá díẹ̀ dúró, àwọn mìíràn padà, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina kò sì kúrò lórí àtẹ.

Ọjà tún ṣí nípò lójú wa yìí. Ìpele kìíní ọjà Kejetia tuntun, tí iléeṣẹ́ Contracta ti Brazil kọ́, ní ìsọ̀ tó lé ní 8,000, wọ́n sì fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ilé tó gbòòrò ni, ó ní òrùlé, ó dára lójú ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ kọ́sítọ́mà rẹ̀ láìwo ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà kọ́. Iná jó apá kan ibẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ìgbà tí ìsọ̀ bá ṣí nípò ni ẹ máa ń mọ̀ bóyá ìsọ̀ ni olùrà ń tọ̀ lọ tàbí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Àwọn tó gba nọ́ńbà fóònù ara wọn sílẹ̀ tètè rí ara wọn.

Lẹ́yìn tí a bá ti rà á ńkọ́? Leon Festinger ṣàlàyé ní ọdún 1957 pé ọkàn kì í fẹ́ kí ohun méjì tó takora máa gbé inú òun. Ẹni tó ti ná owó ńlá á máa wá ọ̀rọ̀ tó máa fi dá ara rẹ̀ láre: aṣọ náà le, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí. Ní Kumasi, ọkàn nìkan kọ́ ló ń dájọ́. Nígbà tí ìyá Bantama bá jókòó lábẹ́ àtíbàbà, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀, á sì béèrè pé lọ́wọ́ ta ló ti rà á. Bí ó bá dáhùn tayọ̀tayọ̀, olùtajà náà ti rí kọ́sítọ́mà tuntun láìjáde nínú ìsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Òpin ìpinnu ẹnì kan ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìgbésẹ̀ márààrún kì í sábà wà lórí ẹnì kan.

Nǹkan kan ń yí padà báyìí tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ. Láti ìgbà tí MTN ti gbé owó orí fóònù wọ Gánà ní ọdún 2009, ẹni tó wà ní Accra lè rí àwòrán aṣọ lórí WhatsApp, kí ó fi MoMo sanwó, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e wá bá a láti Kumasi. Bí ó bá jẹ́ kọ́sítọ́mà àtijọ́ ni, fóònù kàn gé ìrìn àjò kúrò ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò rí rí, kò sí ẹ̀yìn aṣọ tó lè yí wò, kò sí etí tó lè kà, kò sì sí ojú tó máa rí lọ́la. Ohun tí àwọn olùrà ń béèrè ni pé kí àwọn sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ àwọn. Àwọn olùtajà mìíràn ń gbà; àwọn mìíràn ní ọjà tí wọ́n gbé lọ báyìí ti padà wá bá àwọn rí, owó ọkọ̀ sì ti lọ. Àwọn wọ̀nyí ń pín owó náà sí méjì: ìdajì kí ẹrù tó kúrò ní Kumasi, ìdajì nígbà tí ó bá dé. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ láti ibẹ̀ láìtíì dé ibẹ̀, irú àdéhùn yẹn ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi aṣọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀.